Ẹni Tó Kéré Jù Ni Kó Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní kí n kọ nípa iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, nítorí àwọn náà ń ro iṣẹ́ tí wọ́n máa yàn. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kọ́kọ́ lọ bá dókítà, wọ́n ti lọ bá nọ́ọ̀sì, wọ́n ti lọ bá lọ́yà. Èmi ni wọ́n bi kẹ́yìn. Kò burú. Ẹni tí wọ́n bá bi kẹ́yìn ló máa ń ráyè sọ òótọ́.

Iṣẹ́ mi ni láti pèsè irinṣẹ́ fún àwọn tó ń fi síkì rìn lórí òkè yìnyín, níbi tí kò sí ọ̀nà, tí kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè, tí kò sì sí ẹni tó máa gbọ́ tí o bá pariwo. Síkì ni pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ọmọ Ìbàdàn. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Tíṣà jọ́gíráfì ni mí nílé. Mo ti yunifásítì jáde, mo sì kọ́ àwọn ọmọ nípa òkè oníyìnyín nígbà tó jẹ́ pé inú fíríìjì nìkan ni èmi àti wọn ti rí omi dídì. Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, èmi àti ọmọ mi kan ṣoṣo, Yétúndé, wá sí ìlú Laurel, ní Maryland ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ìwé ẹ̀rí mi kò wúlò fún wọn. Ilé ìtajà kan ní ẹ̀gbẹ́ títì Route 1, tó ń ta ohun èlò orí òkè, tó sì ń yá wọn fún èèyàn, ń wá ẹni tó mọ aṣọ rán. Mo mọ ọ́n rán. Wọ́n gbà mí. Owó rẹ̀ tó fún oúnjẹ àti ilé. Ó parí síbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà nínú ìjọ wa tí mo máa pè ní Ẹnjiníà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ṣì wà ní Forestville, tí kò jìnnà sí wa, ojú rẹ̀ ṣì ń ríran dáadáa, tó bá sì ka ìwé yìí, á mọ̀ pé òun ni. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn bàbá nígbà yẹn, Dádì sì ni gbogbo ọ̀dọ́ ìjọ ń pè é. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, ó gbé ohùn sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

"Tíṣà! Bàtà òyìnbó mélòó lẹ nù lọ́sẹ̀ yìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí àgbà ló ń ṣeré. Ṣùgbọ́n mo tọ́jú ẹ̀rín wọn pa mọ́. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi títí di òní, kò tíì gbó.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Calvin. Aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni, ó ga, ó gbẹ, kì í sì í rẹ́rìn-ín kí ọ̀sán tó pọ́n. Iṣẹ́ ológun ló gbé e dé Alaska nígbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ síkì. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan síkì. Okùn àpò ni mò ń rán. Lẹ́yìn náà ó gbé mi sídìí awọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé awọ yìí, nítorí òun ló máa fa wàhálà tó ń bọ̀. Síkì ń yọ̀, tí ẹ bá fẹ́ gun òkè pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀yìn lẹ máa máa yọ̀ sí. Nítorí náà ni wọ́n fi ń lẹ aṣọ onírun kan mọ́ abẹ́ rẹ̀. Láyé àtijọ́ awọ ẹran ni, orúkọ yẹn sì mọ́ ọn lára. Tí ẹ bá ń tì í síwájú, irun náà máa sùn. Tó bá fẹ́ yọ̀ sẹ́yìn, irun náà máa dìde, á di yìnyín mú. Gọ́ọ̀mù ló so ó mọ́ síkì. Gọ́ọ̀mù yẹn ni ẹ̀mí yín. Kò fẹ́ erùpẹ̀, kò fẹ́ omi, kò sì fẹ́ iná rárá. Tó bá gbóná jù, á yọ́. Tó bá wá bọ́ sínú òtútù lẹ́yìn náà, kò ní lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Inú ẹ̀wù, ní àyà yín, ni kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí. Ooru ara èèyàn tó fún un.

Ọ̀gá Calvin le. Á gbé garawa omi oníyìnyín sórí tábìlì, á ní kí n ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ títí n kò fi ní mọ̀ pé mo ní ìka mọ́. Lẹ́yìn náà á ní kí n so bàtà mọ́ síkì.

"Ọ̀gá, ọwọ́ mi ti kú."

"Mo mọ̀. So ó."

"Ẹ jẹ́ kó yá díẹ̀."

"Òkè ò ní dúró kí ọwọ́ rẹ yá."

Tí mo bá di àpò tán, á da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà. "Kí lo fi tọ́ọ̀ṣì ṣe nísàlẹ̀ àpò? Ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú lo máa wá a. Ṣé inú òkùnkùn lo ti máa tú gbogbo ẹrù rẹ?" Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo sunkún. Èmi tí àwọn ọmọ máa ń dìde fún tí mo bá wọ kíláàsì! Mo nu ojú, mo jáde, mo tún àpò náà dì. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ nílò ni kó wà lókè: ẹ̀wù òtútù, oúnjẹ, tọ́ọ̀ṣì. Àpò ìsùn, ìsàlẹ̀. Ṣọ́bìrì, ibi tí ọwọ́ ti lè fà á yọ láìtú nǹkan kan.

Àwọn nǹkan tó kọ́ mi kò ṣeé kà tán. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọ òwú lọ sórí òkè, nítorí òwú máa ń mu òógùn, kì í sì í gbẹ. Irun àgùntàn ni kí wọ́n wọ̀. Àwọn èèyàn wa máa ń wọ ẹ̀wù òwú mẹ́rin léra wọn, wọ́n á ní àwọn ti bo ara. Àkísà tútù ni wọ́n gbé wọ̀. Ó ní kí òtútù mú yín díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbéra, torí tí ara yín bá ti yá ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa làágùn kó tó pẹ́. Ó ní kí ẹ dojú ìgò omi kọdò nínú àpò, nítorí òkè ni omi ti ń kọ́kọ́ dì. Bátìrì, ẹ fi í sún mọ́ ara. Wáyà, téèpù àti sukudiráfà kékeré, ẹ má gbàgbé wọn láé. Kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa fi pe tẹlifóònù. Tí ìgbà náà bá kọjá, kí onítọ̀hún wá ìrànlọ́wọ́. Kó má rò ó, kó má tijú.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí mo bá a jiyàn lé lórí. Kí ẹnikẹ́ni tó kúrò nídìí ọkọ̀, gbogbo wọn máa dúró yíká, wọ́n á sọ bóyá kí wọ́n lọ tàbí kí wọ́n padà. Ẹni tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Tí ẹyọ ẹnì kan bá sì ní "Ẹ jẹ́ ká padà," gbogbo wọn ló ń padà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi í ní ìdí títí wọ́n á fi délé.

Mo ní, "Ọ̀gá, nílé wa, àgbà ló ń ṣáájú ọ̀rọ̀."

Ó ní, "Tí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán, kí ni ọmọdé tún máa ń sọ?"

"Á ní bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìyẹn ló ń pa èèyàn."

Ilé ni mo dé tí mo rántí pé àwọn baba wa náà mọ̀ ọ́n: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwa la fi ìdajì òwe náà sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ọ̀gá kọ́ Yétúndé náà. Ní gbogbo ìgbà tí yìnyín bá bo Maryland, tí ọ̀nà bá dí, àwa mẹ́ta máa wà lórí òkè kékeré kan lẹ́yìn ilé ìtajà. Èmi ń ṣubú, Yétúndé ń fò bí ẹyẹ.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, irinṣẹ́ ń yí padà. Bàtà aláwọ tó ń mu omi, tí mo máa ń ki ìwé ìròyìn bọ̀ kó lè gbẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ; bàtà oníke dé. Síkì gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ di kúkúrú tó fẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ àyà, tó ń ké kí wọ́n lè rí ẹni tí yìnyín bò mọ́lẹ̀, etí la fi ń tọ ohùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí àwọn ọdún náà tó parí, ó ti ní ojú dígí tó ń fi ọ̀nà hàn. Ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ náà dé. Inú mi dùn, torí èjìká mi fúyẹ́. Ọ̀gá ò gbà wọ́n gbọ́ tán. Ó ní, "Bátìrì lè kú. Máàpù kì í kú." Èmi náà rí nǹkan kan: bí irinṣẹ́ ṣe ń dára sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìgboyà ń kó àwọn tí kò mọ nǹkan kan gòkè.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Yétúndé fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bíi mélòó kan lọ sórí òkè ní West Virginia, àlọ àtàbọ̀ ọjọ́ kan. Ó ti múra fún un fún ìgbà pípẹ́. Ni Ẹnjiníà bá ní òun máa ṣáájú wọn. Ó ti lọ kọ́ síkì lẹ́ẹ̀mejì níbi tí ẹ̀rọ ti ń gbé èèyàn gòkè. Ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Ta ló máa sọ pé rárá? Ó wá gba síkì àti awọ ní ilé ìtajà wa. Mo gbé awọ náà lé e lọ́wọ́.

"Sà, ẹ má jẹ́ kí iná kàn án. Àyà yín ni kí ẹ fi í sí."

"Tíṣà, kíláàsì ti parí."

Ó gbé awọ náà síwájú ọkọ̀ rẹ̀, lórí ihò tí atẹ́gùn gbígbóná ti ń jáde, láti Forestville títí dé ìdí òkè. Ó ní kó lè lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí Délé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Délé ló kéré jù nínú wọn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ni. Yétúndé ti kọ́ ọ nípa awọ, ó mọ̀ pé kò yẹ. Kò lè sọ.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí òkè, Yétúndé ní kí wọ́n dúró yíká. Ó ní, "Délé, ìwọ lo kéré jù."

Délé wo ojú ọ̀run. "Ó dà bíi pé ìkùukùu ń bọ̀. Bóyá ká..."

"Ta ló bi ọ́?" Ẹnjiníà ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà."

"Dádì, òfin ibẹ̀ ni," ni Yétúndé wí.

"Òfin ta? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n lọ. Ẹnjiníà wà níwájú, àwọn ọ̀dọ́ tò tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ré e kọjá. Nígbà tí wọ́n dé odò kékeré kan tí yìnyín ṣe afárá lé lórí, Ẹnjiníà dúró mu omi, ó ní kí Délé máa lọ. Délé ti wà lórí afárá náà nígbà tí Ẹnjiníà tún gbéra. Ó rí i pé àgbà fẹ́ kọjá. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹrí ba díẹ̀, bí a ti kọ́ gbogbo yín nílé. Ibi tó yà sí ya lábẹ́ rẹ̀. Omi mù ún dé orókún. Ó fa ẹsẹ̀ yọ, ó ní kò sí nǹkan, kí wọ́n máa lọ.

Kò pẹ́ sí i, ìkùukùu bò wọ́n, afẹ́fẹ́ dé, awọ Ẹnjiníà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lábẹ́ síkì. Gọ́ọ̀mù ti yọ́. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń lẹ̀ ẹ́ pa dà, ó tún ń ṣí. Wọ́n ní kí àwọn bá a ṣe é. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Gbogbo ọ̀dọ́ yẹn dúró gbagidi lẹ́yìn rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, bí ẹni ń dúró kí bíṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ wọlé. Òtútù ò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń rìn, ó ṣòro fún òtútù láti mú. Ẹni tó dúró ló ń jẹ.

Yétúndé bojú wẹ̀yìn, ó rí Délé. Délé ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀. Kò gbọ̀n mọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò sí ẹni tó rí. Ọmọ mi mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: òtútù ti ń wọ ọpọlọ rẹ̀. Ó ré àgbà kọjá, ó fi síkì rẹ̀ dábùú ọ̀nà.

"Dádì, ó tó. A ń padà."

"Èmi lo ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ mú ọwọ́ yín bọ ìbọ̀wọ́."

Ó wọ́ ìbọ̀sẹ̀ tútù kúrò lẹ́sẹ̀ Délé, ó wọ gbígbẹ fún un, ó fi aṣọ irun àgùntàn wé e, ó fún un ní tíì gbígbóná tó kún fún ṣúgà. Ó fi wáyà àti téèpù de awọ Ẹnjiníà mọ́ síkì. Lẹ́yìn náà ó bọ́ síwájú, wọ́n ń tọ ojú ẹsẹ̀ tí àwọn fúnra wọn ti tẹ̀ pa dà, kí yìnyín tó pa á rẹ́.

Ní Laurel, èmi àti Ọ̀gá Calvin wà nílé ìtajà; ọwọ́ mi ni ètò ìrìn-àjò wọn wà. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́, tẹlifóònù ò dún. Mo pe ìyàwó Ẹnjiníà kí n lè sọ fún un pé mo fẹ́ wá ìrànlọ́wọ́.

"Ìyá Yétúndé, ẹ má pe ọlọ́pàá o! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé Dádì sọnù bí ewúrẹ́ ni?"

"Mà, ewúrẹ́ tó bá sọnù, wọ́n máa ń wá a."

"Ẹ ṣe sùúrù. Ẹ má kó ìtìjú bá wa."

Mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ọ̀gá Calvin dìde. Ó ti tẹlifóònù náà pa dà sọ́dọ̀ mi. Mo pe ọlọ́pàá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó gbéra, wọ́n pàdé wọn ní ìsàlẹ̀ odò náà, níbi tí Délé ti ṣubú tí kò lè dìde mọ́. Wọ́n fi ọmọlanke orí yìnyín wọ́ ọ délẹ̀. Dókítà gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kékeré méjì tí òtútù ti pa. Ó ní ká ní wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ẹsẹ̀ kọ́ ni a bá máa sọ.

Ẹ ò bá rò pé wọ́n máa dúpẹ́. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ẹnjiníà dìde nínú ìjọ, ó dúpẹ́ pé Ọlọ́run lo òun láti kó àwọn ọmọ wálé, "bó tilẹ̀ jẹ́ pé irinṣẹ́ tí a yá lọ́wọ́ ẹnì kan láàárín wa kò dára." Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà ìjọ pè wá sí pálọ̀ rẹ̀ ní Forestville. Ẹ̀sùn méjì: Yétúndé pàṣẹ fún àgbà níwájú ọmọdé, èmi sì pe ọlọ́pàá. Wọ́n ní ká kúnlẹ̀, ká tọrọ àforíjì.

Mo ti ṣetán láti sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní ṣeé kó. Yétúndé bá dìde, ó bọ́ sí àárín pálọ̀, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orókún méjèèjì.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì. Inú mi dùn pé ẹ wà láàyè tí mo fi rí yín kúnlẹ̀ fún."

Ìyàwó Ẹnjiníà wo ilẹ̀. Ìyá Délé bú sẹ́kún, ó lọ gbé ọmọ mi dìde. Wọ́n wá kọjú sí mi. Mo ní orókún ń dùn mí. Orókún mi le bí irin nígbà náà.

Ẹnjiníà kò tọrọ àforíjì dòní. Mi ò retí rẹ̀ mọ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ló ń ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ jẹ́ kó máa rù ú. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó báyìí, ìbínú yẹn kì í gba àyè púpọ̀. Ọpẹ́ ló kún ibẹ̀. Mo dúpẹ́ fún Ọ̀gá Calvin, tó ti dolóògbé báyìí, tó da àpò mi sílẹ̀ títí mo fi mọ̀ ọ́n dì. Mo dúpẹ́ fún omi oníyìnyín inú garawa. Mo dúpẹ́ fún tábìlì tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró sí, láti ìgbà tí igbó lásán ṣì wà níbi tí wọ́n kọ́ ìlú ìgbafẹ́ National Harbor sí nísinsìnyí; fún àìmọye èèyàn tí mo di ẹrù fún, tí wọ́n pa dà wá fi ojú tí oòrùn ti sun hàn mí. Ọmọ, tí o bá ń wá iṣẹ́, má bi í pé ta ló máa kí ọ fún un. Bi í pé ta ló máa tipasẹ̀ rẹ̀ délé.

Délé pa dà wá nígbà òtútù kejì. Ó ní òun fẹ́ kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbé garawa jáde.

Nígbà tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, Délé ní òun máa mú mi lọ fi síkì rìn fún ìgbà ìkẹyìn. Òun, ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin wọn tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, tó máa ń pè mí ní Grandma, àti Yétúndé ọmọ mi. Odindi ọ̀sẹ̀ ló fi múra. Ojú ọjọ́ dára, oòrùn ń ràn, kò sí ìkùukùu kankan. A dúró yíká nídìí ọkọ̀.

Délé ní, "Ta ló kéré jù?"

Ọmọ náà na ọwọ́. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Grandma, ẹsẹ̀ mi tutù. Mi ò fẹ́ lọ."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Délé ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó tú síkì kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ tí ìka méjì kò sí yẹn. Àwa yòókù tú tiwa. Oúnjẹ tí a dì fún orí òkè, inú ọkọ̀ la ti jẹ ẹ́ tán.